Àtúnṣe: Àwọn ará Sumer kò kọ ọ́ pé àlejò ojú ọ̀run wá wa góòlù
Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn lórí WhatsApp pé wàláà amọ̀ àwọn ará Sumer (àwọn ènìyàn àtijọ́ ní gúúsù ilẹ̀ tó ń jẹ́ Iraq lónìí) sọ pé àwọn Anunnaki wá láti Nibiru, tí wọ́n ní ó jẹ́ pílánẹ́ẹ̀tì kan, wọ́n sì dá ènìyàn kó lè máa bá wọn wa góòlù. Irọ́ funfun báláú! Òrìṣà ni Anunnaki. Ìtàn àwọn ará Sumer nípa òrìṣà méjì, Enki àti Ninmah, sọ pé amọ̀ ni wọ́n fi mọ ènìyàn, kí iṣẹ́ ipa odò gbígbẹ́ lè kúrò lọ́rùn àwọn òrìṣà tó ń ráhùn. Kò sí góòlù níbẹ̀. Nibiru ńkọ́? Àwọn ará Bábílónì ló so ó mọ́ Marduk, òrìṣà tiwọn. Ìwé kan tó jáde ní 1976 ló lú gbogbo rẹ̀ pọ̀. Àwọn wàláà àtijọ́ gan-an láti Uruk, ìlú kan ní Sumer, ìṣirò ọkà báálì, àgùntàn àti ọtí ló kún inú wọn.