Bíbi ọmọ léèrè bóyá ó fẹ́ pa ara rẹ̀ kì í fi èrò náà sí i lọ́kàn

"Má dá ọ̀rọ̀ ìpara-ẹni sílẹ̀ o, kí o má baà fi sí i lọ́kàn." Ohun tí wọ́n máa ń sọ fún òbí nìyí bí ọmọ bá yí padà lójijì: kò jẹun dáadáa mọ́, kò dá sí ẹnikẹ́ni, ó ń pín aṣọ tó fẹ́ràn jù fún ọ̀rẹ́. Irọ́ ni, ó sì dùn mí pé òun ló ń pa òbí lẹ́nu mọ́ lásìkò tí ọmọ nílò wọn jù.

Wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ní ìpínlẹ̀ New York, akẹ́kọ̀ọ́ girama tó lé ní 2,300 kópa nínú ìwádìí kan. Wọ́n bi àwọn kan léèrè ọ̀rọ̀ ìpara-ẹni, wọn ò bi àwọn yòókù. Èsì rẹ̀ jáde ní 2005: èrò náà kò pọ̀ sí i lọ́kàn àwọn tí wọ́n bi. Ní ti àwọn tó ti gbìyànjú rẹ̀ rí, ńṣe ló jọ pé ìbéèrè náà mú ọkàn wọn fúyẹ́.

Ohun tó ń dá èrò náà sílẹ̀ ti wà nílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó béèrè. Ìwádìí mìíràn ní Amẹ́ríkà, ní 1998, fi hàn pé ẹni tó rí oríṣi ìyà mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní kékeré (kí wọ́n lù ú, kí wọ́n fipá bá a lò, kí ó máa rí i tí wọ́n ń lu ìyá rẹ̀) wà nínú ewu láti gbìyànjú ìpara-ẹni ní ìlọ́po bíi 12 ju ẹni tí irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ sí.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀nà tí a gbà béèrè fi ṣe kókó. Ọmọ tí wọ́n ti fìyà jẹ, ohùn líle lásán ti tó láti mú un pa ẹnu dé. Ẹ má pe mọ̀lẹ́bí àti pásítọ̀ jọ lé e lórí. Ẹ jókòó tì í, kí ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí. "Mo rí i pé inú rẹ kò dùn láti ìjọ́ mélòó kan. Ṣé ó ti ń wá sí ẹ lọ́kàn pé kí o pa ara rẹ?" Kí ẹ wá dákẹ́. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má pariwo "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó sọ ọ́. Ẹ kó oògùn àti májèlé kòkòrò kúrò nílé, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, kí ẹ sì mú un lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀rù ọlọ́pàá ń ba àwọn kan, nítorí abala 327 òfin ọ̀daràn Nàìjíríà dá ẹ̀wọ̀n ọdún kan fún ẹni tó bá gbìyànjú rẹ̀. Òfin burúkú gbáà ni. Òfin ìpínlẹ̀ Èkó ní tirẹ̀ sọ pé ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ. Ní LUTH, ilé ìwòsàn yunifásítì Èkó ní Ìdí-Àràbà, iṣẹ́ àwọn SURPIN, ẹ̀ka tó ń dènà ìpara-ẹni, nìyẹn. Ní Abẹ́òkúta, ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ Arò wà níbẹ̀. Ní Ìbàdàn, ilé ìwòsàn UCH.