Èsì wa sí oníbàárà tó fún táǹkì olómi iyọ̀ wa ní ìràwọ̀ méjì

Oníbàárà wa, ẹ kú ìfaradà, ẹ sì kú àdánù àwọn ẹja yín. A ka gbogbo ohun tí ẹ kọ, a sì wo àwòrán mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí ẹ fi tì í lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ ní omi funfun bí omi ẹfun láti ọjọ́ tí ẹ ti to táǹkì náà, ó sì pẹ́ kó tó mọ́. Ẹ ní hydrometer (ohun tí a fi ń wọn iyọ̀ inú omi nípa bí omi náà ṣe wúwo ju omi lásán lọ) ń purọ́, skimmer (ẹ̀rọ tó ń fi ìfófòó kó ìdọ̀tí jáde) ò kó ìdọ̀tí kankan, gíláàsì ń jò, iyanrìn sì ti pọ́n bí ìdọ̀tí irin. Èyí tó burú jù ni pé ẹja clownfish méjì tí ẹ fi sínú rẹ̀ lọ́jọ́ kẹsàn-án ti kú kó tó di ọjọ́ kejìlá. Ẹ tún sọ pé ó ti pẹ́ tí ẹ ti ń sin ẹja inú omi tí kò níyọ̀, irú èyí kò sì ṣẹlẹ̀ sí yín rí.

Ọ̀rọ̀ ẹja yẹn la ó kọ́kọ́ dáhùn, torí ibẹ̀ ni ẹ̀bi wa wà.

Ìwé ìlànà tó wà nínú páálí sọ pé "nígbà tí omi bá ti mọ́, ẹ lè fi ẹja sí i." Àwa la kọ ọ́, ohun tí a kọ kò sì tọ̀nà. Ẹ ṣe ohun tí a ní kí ẹ ṣe gan-an. Ẹ dúró títí omi fi mọ́, ẹ fi ẹja sí i, ẹja sì kú. Ẹ forí jì wá. A ti yọ gbólóhùn yẹn kúrò, a sì ti kọ òmíràn dípò rẹ̀ sínú gbogbo páálí tó kù nílẹ̀.

Ohun tó yẹ ká ti sọ fún yín rèé. Ẹja ń mí, ó ń yàgbẹ́, oúnjẹ tí kò jẹ tán ń jẹrà, amóníà sì ni gbogbo rẹ̀ ń dà. Amóníà kò láwọ̀. Omi lè mọ́ gaara débi tí ẹ ó fi máa rí ògiri lódì kejì, kí ó sì jẹ́ májèlé fún ẹja. Àwọn bakitéríà kan ló ń gba ẹja là lọ́wọ́ rẹ̀: àwọn kan ń sọ amóníà di nitrite, àwọn mìíràn sì ń sọ nitrite di nitrate, tí ara ẹja gbà dáadáa bí kò bá pọ̀ jù. Ara òkúta àti inú iyanrìn ni wọ́n ń gbé. Òkúta gbígbẹ la fi ránṣẹ́ sí yín, ìwọ̀nba díẹ̀ ni wọ́n sì máa ń jẹ́ lórí òkúta gbígbẹ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí wọ́n tó pọ̀ tó, nígbà mìíràn ó ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ni ẹ fún wọn, torí a ò sọ fún yín.

Nínú àwòrán kẹta, ìgò tí ẹ fi dán omi wò láàárọ̀ ọjọ́ kejìlá fi amóníà mílígíráàmù 1 hàn nínú lítà kan. Nínú táǹkì tí ẹ ti ń lò tẹ́lẹ̀, ẹja lè bọ́ lọ́wọ́ ìyẹn. Nínú omi iyọ̀, ọ̀rọ̀ náà le ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìdí rẹ̀ kò sì hàn sí ojú. Oríṣi méjì ni amóníà tó ń wà nínú omi: ọ̀kan kò fi bẹ́ẹ̀ léwu, èkejì ń ba iṣan mímí ẹja jẹ́. pH, ìyẹn ìwọ̀n tó ń sọ bí omi ṣe kan tó (bó bá ṣe kéré tó ni omi ṣe ń kan), ló ń pinnu èyí tí yóò pọ̀. Bí pH bá fi 1 lé, ìpín èyí tó léwu fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́wàá. Omi táǹkì yín àtijọ́ lè wà ní pH 7. Omi òkun ń wà láàárín 8.1 sí 8.4. Ìwọ̀n amóníà kan náà nínú ìgò ìdánwò, ewu rẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà rárá. Nitrite ló yí padà sí ọ̀nà kejì: ó ń pa ẹja kíákíá nínú omi tí kò níyọ̀, ṣùgbọ́n chloride (ọ̀kan lára èròjà iyọ̀) tó pọ̀ nínú omi òkun ń dá a dúró kó má wọ ara ẹja. Nítorí náà, ìrírí tí ẹ ní kì í ṣe àìmọ̀kan. Omi tuntun ni, ìṣirò rẹ̀ sì yàtọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da omi náà nù, ẹ má sì fọ òkúta. Ẹ kọ ọ́ pé ẹ fẹ́ tú gbogbo rẹ̀ kí ẹ bẹ̀rẹ̀ látilẹ̀. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn bakitéríà tó ti ń dúró lórí òkúta láti ọjọ́ yìí yóò bá a lọ. Ẹ jẹ́ kí táǹkì wà láìní ẹja. Ẹ fi hítà sí dígírì 25 tàbí 26, kí pọ́ǹpù máa ṣiṣẹ́ tọ̀sán tòru. Ẹ ra amóníà tí wọ́n ṣe fún táǹkì ẹja, èyí tí kò ní ọṣẹ tàbí òórùn dídùn kankan nínú, ẹ kán an sí i títí ìdánwò yóò fi fi mílígíráàmù 2 hàn nínú lítà kan. Lẹ́yìn náà ẹ máa dán an wò lọ́jọ́ méjì méjì. Lọ́jọ́ tí ẹ bá kán 2 sí i, tí amóníà àti nitrite sì di òdo láàárín wákàtí 24, ọjọ́ náà ni táǹkì ṣetán. Ẹ pààrọ̀ omi púpọ̀ kí nitrate lè rẹlẹ̀, kí ẹ sì fi ẹja kan ṣoṣo bẹ̀rẹ̀. Ẹ má ka nitrate sí kí nitrite tó lọ tán, torí nitrite máa ń mú kí ìdánwò nitrate fi iye tó pọ̀ ju òótọ́ lọ hàn.

Ó kan omi funfun. Nǹkan mẹ́ta ló sábà máa ń fà á nínú táǹkì tuntun: erùpẹ̀ iyanrìn tí a kò fọ̀, bakitéríà tó ń pọ̀ lójijì, tàbí iyọ̀ tí a pò ní òdì. Ti bakitéríà kì í yọjú lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ó sábà ń gba ọjọ́ díẹ̀. Tiyín bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí kan. Bó bá sì jẹ́ erùpẹ̀ iyanrìn nìkan ni, ara hítà kò ní ní èépá funfun líle tí a rí nínú àwòrán kẹrin. Nígbà tí a tún ka àlàyé yín, a rí ibi tí ẹ ti kọ pé ẹ da iyọ̀ sílẹ̀ táǹkì kí ẹ tó bu omi lé e. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí omi díẹ̀ bá kan iyọ̀ púpọ̀, kálísíọ́mù àti kábónéètì inú rẹ̀ á dì mọ́ra, wọ́n á di ẹ̀tù funfun bí ẹfun, ẹ̀tù náà kì í sì í yọ́ padà. Iyọ̀ ló ń wọ inú omi, kì í ṣe omi ló ń wọ inú iyọ̀. Ẹ fi omi sínú garawa tó mọ́, ẹ ki pọ́ǹpù bọ̀ ọ́, kí omi máa yí, ẹ wá máa da iyọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀. Gíráàmù 35 nínú lítà kan ni ẹ ó fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó yí di ọjọ́ kejì kí ẹ tó lò ó. Ẹ yọ hítà kúrò lára iná kó tutù, kí ẹ tó fi fínígà funfun tí ẹ bu omi là fọ èépá ara rẹ̀. Kì í ṣe èépá náà ló pa ẹja.

Lórí hydrometer, òótọ́ díẹ̀ wà lọ́dọ̀ yín, òótọ́ díẹ̀ sì wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ ní lọ́jọ́ kan náà ó kà 1.027, ó tún kà 1.031. Bí afẹ́fẹ́ kéékèèké bá lẹ̀ mọ́ apá rẹ̀, á gbé e sókè, á sì ka iyọ̀ ju bó ṣe wà lọ. Ẹ máa gbò ó lábẹ́ omi kí ẹ tó kà á. Ṣùgbọ́n pé iyọ̀ ń pọ̀ sí i látọjọ́ dé ọjọ́, irọ́ kọ́. Ẹ kọ ọ́ pé nígbà tí omi bá fà, lítà mẹ́ta omi iyọ̀ ni ẹ ń dà padà, ẹ sì ti ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta. Omi ló ń fẹ́ lọ, iyọ̀ kì í bá a lọ. Lítà mẹ́sàn-án yẹn ti kó iyọ̀ tó tó gíráàmù 315 wọ inú táǹkì lítà 120, ó sì ti gbé e láti nǹkan bí 1.026 dé 1.028. Omi tí kò níyọ̀ rárá ni kí ẹ máa fi dí i, ojoojúmọ́ bí ó bá ṣeé ṣe. Láti tún èyí tó wà nílẹ̀ ṣe, ẹ bu lítà mẹ́jọ jáde, ẹ da lítà mẹ́jọ omi aláìníyọ̀ padà. Níwọ̀n ìgbà tí kò sí ẹja níbẹ̀, kò sí ìdí láti fà á gùn.

Gíláàsì kò jò. Àwọn ìlà funfun tó wà létí ìdérí àti lára wáyà iná jẹ́ iyọ̀ tí omi ta sí ibẹ̀ tó sì gbẹ. Ẹ nù ún kúrò, ẹ tẹ́ bébà gbígbẹ yí ìdí táǹkì ká mọ́jú. Bí bébà bá tutù, ẹ pè wá, a ó gbé òmíràn wá kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Ohun tó já wa láyà nínú àwòrán náà ni wáyà tó ti ara táǹkì lọ tààrà sínú sọ́kẹ́ẹ̀tì lókè. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí wáyà kọ̀ọ̀kan lọ́ sísàlẹ̀ ju sọ́kẹ́ẹ̀tì lọ kí ó tó gòkè padà, kí omi tó bá ń ṣàn tọ wáyà lè kán sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ ṣe é lónìí, kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn nínú lẹ́tà yìí.

Skimmer tuntun máa ń ta afẹ́fẹ́ wẹ́wẹ́ sínú omi fún ọjọ́ mélòó kan, ó lè tó ọ̀sẹ̀ méjì. Inú táǹkì tí kò ní ẹja, kò tíì sí ohun tí yóò kó. Oògùn tí ẹ fi pa kilorín inú omi ẹ̀rọ náà tún lè mú un hó kọjá ààlà. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá pé lẹ́yìn tí ẹ ti fi ẹja sí i tí kò sì kó nǹkan kan, ẹ dá a padà, àwa la ó san owó ọkọ̀.

Ohun pupa rúsúrúsú orí iyanrìn kò lè pa ẹnikẹ́ni lára. Sílíkéètì, èròjà kan tó wà nínú omi ẹ̀rọ àti inú iyanrìn tuntun, ló ń jẹ, bí èyí bá sì tán, òun náà á lọ. Ẹ má ra oògùn kankan sí i. Omi tí a fi ẹ̀rọ RO/DI (èyí tó ń yọ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ohun tó yọ́ sínú omi kúrò) sẹ́ ló lè dín in kù. Oògùn kilorín kò lè yọ sílíkéètì tàbí bàbà kúrò, bàbà ló sì ń pa edé àti ìgbín inú omi lọ́jọ́ iwájú.

Owó ẹja méjèèjì, àwa la ó san án, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ wa kọ́ ni ẹ ti rà wọ́n. A ti di refractometer kan (ohun tí a fi ń wo iyọ̀ inú omi nípa ìmọ́lẹ̀) àti omi ìdánwò rẹ̀ tó ní iyọ̀ 35 nínú 1,000 sínú páálí, ẹ kò ní san kọ́bọ̀ lé e. Omi ìdánwò yẹn ni kí ẹ fi ṣètò rẹ̀ kó lè ka òótọ́, kì í ṣe omi lásán. Ìwé ìlànà tuntun wà lókè nínú páálí náà. Ẹ bá wa kà á, kí ẹ sì kọ ibi tí kò bá yé yín sí etí rẹ̀, kí ẹ ya àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa kí a tó tẹ púpọ̀ sí i.