Kì í ṣe orúkọ àìsàn ló yẹ kí adájọ́ wò
Mo gbọ́ ìròyìn ìyá kan tí ilé ẹjọ́ ní kí wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ torí àìsàn ọpọlọ. Ohun tó dùn mí jù níbẹ̀ ni pé ìwé dókítà nìkan ni wọ́n gbé síwájú adájọ́ tí wọ́n fi gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Wọ́n ní ìyá náà ní àrùn ọpọlọ, ó parí. Kò sẹ́ni tó béèrè bóyá ó ń lo oògùn rẹ̀ déédéé, bóyá ọmọ ń jẹun yó, tàbí ta ló ń dúró ti ọmọ nígbà tí ara ìyá ò bá yá. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ àwọn tó ní àìlera, ti ọdún 2006, sọ ọ́ ní abala 23 pé a ò gbọ́dọ̀ tìtorí àìlera òbí gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Tí ewu gidi bá wà fún ọmọ, ìyẹn yàtọ̀, mi ò ní jiyàn. Àmọ́ ẹ wo ohun tí irú ìdájọ́ báyìí ń fà: òbí tí kò rí oorun sùn mọ́ á máa sá fún dókítà, torí ẹ̀rù ń bà á pé fáìlì yẹn ni wọ́n á fi gba ọmọ òun lọ́la. Àìsàn tí ìtọ́jú ì bá kápá á wá di ńlá. Ó kéré tán, kí wọ́n jẹ́ kí ìyá yìí máa rí ọmọ rẹ̀, kí wọ́n sì tún ẹjọ́ náà gbé yẹ̀wò tí ara rẹ̀ bá ti balẹ̀.