Ìmùlẹ̀ Nàìjíríà àti Benin gbọ́dọ̀ dé inú igbó

Lọ́jọ́ Àìkú, ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá ọdún 2025, àwọn sójà kan yọjú sórí tẹlifíṣọ̀n ìjọba ní Kútọnu, ní orílẹ̀-èdè Benin, wọ́n ní àwọn ti gba ìjọba lọ́wọ́ Ààrẹ Patrice Talon. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, báálù ogun Nàìjíríà ti ń fò lójú sánmà Benin, àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ sì tẹ̀ lé wọn. Ìdìtẹ̀ náà forí ṣánpọ́n. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e ni Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà l'Ábùjá tó fọwọ́ sí rírán tí Nàìjíríà rán àwọn ọmọ ogun náà lọ.

Inú ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́dọ̀ wa níbí kò dùn. Wọ́n ní ìjọba fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó lọ ń pa làpálàpá. A kò lè dá wọn lẹ́bi. Ìgbà náà, kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí àwọn agbébọn ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Èrùkù, ní ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì tó wà ní ìpínlẹ̀ Kwara, tí wọ́n pa èèyàn, tí wọ́n sì kó èèyàn 38 wọgbó. Wọ́n ń ya fídíò ìsìn náà lọ́wọ́ nígbà tí ìbọn dún. Gbogbo ayé ló rí i bí àwọn olùjọsìn ṣe ń wá ibi sá sí láàárín àga, tí àwọn agbébọn sì ń ṣa ẹrù tí wọ́n fi sílẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ Èkìtì tiwa gan-an, oṣù Kìíní ọdún 2024 ni wọ́n yìnbọn pa Onímòjò ti Ìmòjò àti Ẹlẹ́sun ti Ẹsun ní ìhà Òkè-Àkó, nígbà tí àwọn ọba náà ń ti ìpàdé bọ̀. Lọ́jọ́ kan náà ni wọ́n jí àwọn ọmọ iléèwé àti olùkọ́ wọn gbé ní Ẹmùré. Ọba méjì lọ́jọ́ kan ṣoṣo! Ẹni tó bá rántí èyí, tó wá gbọ́ pé báálù ogun dé Kútọnu láàárín wákàtí díẹ̀, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú.

Síbẹ̀, èrò tiwa ni pé Nàìjíríà kò ṣi ẹsẹ̀ gbé lọ́jọ́ náà. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó ni pé ìrànlọ́wọ́ náà dé ààfin ààrẹ, kò dé inú igbó.

Ẹnubodè àwa àti Benin gùn ju 700 kìlómítà lọ, igbó ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Láti igbó ọba Kainji, èèyàn lè máa rìn lọ títí yóò fi bá ara rẹ̀ ní Benin láìrí aṣọ́bodè kankan. Ìbàrìbá ló ń gbé ìhà méjèèjì: Nìkì wà lọ́hùn-ún, Bùsà wà níhìn-ín. Lókè wọn ni igbó tí wọ́n ń pè ní W wà, níbi tí àwọn agbésùmọ̀mí JNIM ti pa sójà Benin 54 nínú oṣù Kẹrin ọdún 2025. Kí ọdún náà tó parí, àwọn JNIM kan náà ti ní àwọn ja ogun ní Kwara. Kwara yìí náà ló bá wa pààlà ní ìhà Ọ̀tùn àti Ìlejeméje. Kì í ṣe pé a ń sọ pé Benin ni àwọn tó kọlu Èrùkù ti wá. Ohun tí à ń sọ ni pé bí Benin bá dàrú, tí ẹgbẹ́ ogun rẹ̀ kò sì rí igbó ọ̀hún ṣọ́ mọ́, ọ̀nà gbalasa ló ṣí sílẹ̀ fún ìbọn àti àwọn tó ń yìn ín. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru.

Àwọn kan ń sọ pé torí àwọn ọmọ Yorùbá Kétu àti Sábẹ̀ẹ́ tó wà ní Benin ló fi yẹ ká gba Benin. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni, ṣùgbọ́n kò lè gbé ìmùlẹ̀ ogun dúró. Àwa Èkìtì ló yẹ kó mọ̀ bẹ́ẹ̀ jù. Ọmọ Yorùbá ni Ìbàdàn, ọmọ Yorùbá ni wá, síbẹ̀ ìyà tí àwọn ajẹ́lẹ̀, àwọn aṣojú tí Ìbàdàn fi ṣàkóso wa, fi jẹ wá ló bí ogun Kírìjì. Ohun tó so Èkìtì pọ̀ mọ́ Ìjẹ̀ṣà, tí Fábùnmi Òkèmẹsí fi lè jagun lábẹ́ Ògèdèǹgbé, ni pé ìyà kan náà ń jẹ wọ́n. Àwọn ọmọ wa l'Ékòó sì rí i pé ìbọn ìgbàlódé dé ojú ogun. Nígbà tí àlàáfíà sì máa dé, ìwé ni wọ́n fọwọ́ sí, lọ́jọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1886. Ẹ wo Amẹ́ríkà àti Japan náà. Títí di ọdún 1945 ni wọ́n fi ń para wọn, àmọ́ àdéhùn ààbò tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́dún 1960 ṣì dúró dòní, torí pé àǹfààní rẹ̀ ń dé ọ̀dọ̀ tọ̀tún-tòsì.

Ìwà àìgbẹ́kẹ̀lé kan wà tí àwa náà hù. Láti oṣù Kẹjọ ọdún 2019 di oṣù Kejìlá ọdún 2020, Nàìjíríà ti ẹnubodè pa mọ́ Benin lójú, wọ́n ní torí ìrẹsì fàyàwọ́. Àǹfààní àgbẹ̀ ìrẹsì Ìgbẹ́mọ níbí jẹ wá lógún ju ti ẹnikẹ́ni lọ, ṣùgbọ́n ìyàwó ilé tó ń ra ìrẹsì ní ọjà Ọba l'Adó mọ bí owó ṣe gun òkè. Aládùúgbò tí a ti ilẹ̀kùn mọ́ lánàá, kò lè máa yára sọ àṣírí igbó rẹ̀ fún wa lónìí. Orílẹ̀-èdè Niger sì ti jáde kúrò nínú ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ó tún kúrò nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun àjùmọ̀ní tó ń bá Boko Haram jà. Lápá ìwọ̀ oòrùn, Benin nìkan ló kù fún wa.

Nítorí náà, a fẹ́ àdéhùn tí aráàlú lè kà, tó sọ iye sójà tí ìlú kọ̀ọ̀kan yóò fi ṣọ́ igbó Kainji àti W, ẹni tí yóò sanwó wọn, àti bí ìròyìn yóò ṣe máa dé etí àwọn Àmọ̀tẹ́kùn tó wà ní Òmùò àti Òkè-Àkó kí àwọn agbébọn tó dé. A fẹ́ kó wà nínú rẹ̀ pé ìlú kan kò ní ti ẹnubodè láìfi tó èkejì létí. Àwọn sẹ́nétọ̀ Èkìtì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nínú ilé tó fọwọ́ sí lílọ Kútọnu. Kí wọ́n gbé ìbéèrè yìí síwájú ilé kan náà kí wọ́n tó gba owó ètò ààbò tó ń bọ̀ wọlé.