Fèrèsé Tí Kò Ṣeé Ṣí

Ọ̀rọ̀ fèrèsé yìí ti sú mi! Tí oṣù keje bá ti dé ní Lọ́ńdọ̀nù, èmi àti ìyàwó mi á máa yan lórí ibùsùn bí ẹja. Wọ́n kọ́ ilé yìí kí ooru má baà jáde nígbà òtútù, fèrèsé rẹ̀ kò sì ṣí ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ṣé wọ́n ti gbàgbé ọdún 2022, tí ooru kọjá ìwọ̀n 40 ti Celsius ní Heathrow, pápákọ̀ òfuurufú Lọ́ńdọ̀nù níbí, ni?

Lánàá, aago mẹ́sàn-án alẹ́, oòrùn kò tíì wọ̀. Ìyàwó mi, olóyún oṣù méje, ló jókòó sílẹ̀ ní balùwẹ̀, tó fẹ̀yìn ti ògiri, pẹ̀lú aṣọ ìnura tí a rẹ sómi lọ́rùn. Ẹ̀ẹ̀mẹta la ti bẹ onílé kó wá tú irin tó há fèrèsé mọ́. "Mo ń bọ̀" ló ń wí. Owó ilé kì í pẹ́ lọ́wọ́ wa o! Kí ló dé tí tiwa fi ń pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀?