Ẹ̀yin Aṣòfin Wa, Ẹ Sọ Bí Ẹ Ṣe Dìbò

Láti ọjọ́ kẹwàá oṣù Keje ọdún 2024 títí di ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Kẹjọ ọdún 2025, ẹkùn ìdìbò Àríwá Ìbàdàn kò ní aṣojú kankan nílé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin l'Ábújá. Ọnọ́rébù Olaide Akinremi tó ń ṣojú ẹkùn náà ló papò dà. Ikú kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n àga tó ṣófo lẹ́yìn rẹ̀ wà lọ́wọ́ èèyàn. Abala 76 ìwé òfin ilẹ̀ wa sọ pé bí àyè bá ṣí sílẹ̀ nílé aṣòfin àpapọ̀, tí sáà ilé kò sì tíì sún mọ́ ìparí, ìdìbò tí wọn yóò fi dí àlàfo náà kò gbọdọ̀ ju oṣù kan lọ. Oṣù kan ni òfin wí. Oṣù mẹ́tàlá ó lé ni Àríwá Ìbàdàn fi dúró.

Ẹkùn yìí kì í ṣe ẹ̀yìn ìlú o. Ibẹ̀ ni Yunifásítì Ìbàdàn wà, ibẹ̀ ni ilé ìwòsàn UCH wà, ibẹ̀ ni ọjà Bódìjà, Sángo àti Mọ́kọ́lá wà. Kódà Sẹkitéríàtì Agodi, níbi tí àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ fúnra wọn ti ń jókòó, abẹ́ ẹkùn náà ló wà. Ilé aṣojú-ṣòfin kò sì dá iṣẹ́ dúró de wọn. Ní oṣù Kẹta ọdún 2025 ni ilé náà fọwọ́ sí àwọn àbádòfin owó orí mẹ́rin tí Ààrẹ Bola Tinubu padà buwọ́ lù ní oṣù Kẹfà. Oṣù Kẹta yẹn kan náà ni wọ́n tún fọwọ́ sí ìkéde ìjọba pàjáwìrì ní ìpínlẹ̀ Rivers. Òfin tó kan àpò oníṣòwò Bódìjà àti owó oṣù òṣìṣẹ́ UCH kọjá, kò sì sí ẹnìkan láti Àríwá Ìbàdàn tó wí bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́.

Èyí tó ń dùn wá jùyẹn lọ ni pé, bí ẹnìkan bá tilẹ̀ wà lórí àga náà, ará Bódìjà kò ní mọ ohun tó wí.

Ìdí ni pé ohùn ni wọ́n sábà máa ń fi dìbò. Abẹnugan ilé yóò ní kí àwọn tó bá fara mọ́ ọn wí pé bẹ́ẹ̀ ni, ilé yóò hó. Yóò ní kí àwọn tí kò fara mọ́ ọn wí pé bẹ́ẹ̀ kọ́, ilé yóò tún hó. Yóò lu òòlù, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Lọ́jọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí ọ̀rọ̀ Rivers, ogúnjọ́ oṣù Kẹta ọdún 2025, irú ìbò yìí ni ilé méjèèjì dì. Bẹ́ẹ̀ abala 305 ìwé òfin ní ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ọmọ ilé ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, ìyẹn 240 nínú 360 aṣojú-ṣòfin, àti 73 nínú àwọn sẹ́nétọ̀ 109. A ò tíì rí ẹni tó ń fi etí ka orí èèyàn rí. Bóyá wọ́n pé, bóyá wọn ò pé, kò sí ọmọ Nàìjíríà kankan tó lè fi orúkọ gbè é lẹ́sẹ̀ lónìí, torí kò sí orúkọ tí wọ́n kọ sílẹ̀.

Ẹ wá fi wé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Keje ọdún 2021. Ọ̀rọ̀ fífi ẹ̀rọ ayélujára gbé èsì ìdìbò ló dé iwájú àwọn sẹ́nétọ̀. Sẹ́nétọ̀ Enyinnaya Abaribe kò gbà kí wọ́n fi ohùn yanjú rẹ̀; ó ní kí wọ́n pe orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n pè é. Méjìléláàádọ́ta wà ní apá kan, méjìdínlọ́gbọ̀n wà ní apá kejì, méjìdínlọ́gbọ̀n mìíràn kò sì sí ní ìjókòó. Kó tó di ọjọ́ kejì, orúkọ gbogbo wọn ti wà lórí fóònù ará ìlú, pẹ̀lú ẹkùn tí kálukú ti wá. Ariwo sọ. Ní oṣù Kẹwàá ọdún yẹn, ilé kan náà yí ìpinnu rẹ̀ padà, ó sì fi ọ̀nà tí èsì yóò gbà lọ sọ́wọ́ àjọ INEC. A kò sọ pé orúkọ tó hàn nìkan ló ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rò pé wọ́n ì bá yí i padà ká ní inú ariwo òòlù ni gbogbo rẹ̀ parí sí, kó dúró ná.

Ìbàdàn gan-an kò ṣàjèjì sí ìjà lórí iye orí àti ibi tí wọ́n ti kà á. Ní ọdún 1962, lẹ́tà tí aṣòfin 66 nínú 124 buwọ́ lù ni wọ́n fi ní kí Olóyè Samuel Ladoke Akintola kúrò nípò olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn; ẹjọ́ lórí bóyá lẹ́tà tó, àbí àfi kí wọ́n dìbò nínú ilé, dé ìlú ọba kó tó parí. Ní ọjọ́ kejìlá oṣù Kìíní ọdún 2006, aṣòfin méjìdínlógún nínú méjìlélọ́gbọ̀n ní àwọn yọ Gómìnà Rashidi Ladoja nípò. Àwọn ènìyàn ìlú yìí kò gbàgbé hòtẹ́ẹ̀lì D'Rovans ní Ring Road tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ètò ọ̀hún. Ìdá méjì nínú mẹ́ta aṣòfin ni òfin ní kó fọwọ́ sí i kí wọ́n tó lè yọ gómìnà, ìdá méjì nínú mẹ́ta 32 kò sì lè dín ní 22, ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dà á nù, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fọwọ́ sí ìdájọ́ náà ní oṣù Kejìlá, Ladọja sì padà sórí àga. Òun náà ló wà lórí ìtẹ́ Olúbàdàn lónìí. Nǹkan kan ṣoṣo ló mú kí ilé ẹjọ́ rí ohun dì mú: iye èèyàn tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà ṣe é kà.

Ìdí nìyí tí a fi ń sọ fún ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ pé kí wọ́n tún ìlànà wọn ṣe. Gbogbo àbádòfin tó bá dé ìpele ìkẹyìn, gbogbo ìṣúná, gbogbo gbèsè tí gómìnà bá fẹ́ jẹ lórúkọ wa, gbogbo orúkọ kọmíṣọ́nà tí wọ́n bá fẹ́ fọwọ́ sí, kí wọ́n pe orúkọ aṣòfin lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n kọ ohun tó wí sílẹ̀, kí wọ́n sì gbé e jáde kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Wọn yóò ní ó máa ń gba àkókò. Èèyàn méjìlélọ́gbọ̀n! Tíṣà tó wà ní kíláàsì ọmọ ọgọ́ta a máa pe orúkọ wọn tán láàárọ̀ kó tó mú ṣọ́ọ̀kì. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta ọdún 2022, ilé aṣòfin àgbà fi ẹ̀rọ dìbò lórí àtúnṣe ìwé òfin tó jẹ́ 68 lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ilẹ̀ kò ṣú mọ́ wọn.

Àwíjàre kejì, tí wọn kì í sọ síta, ni pé gómìnà yóò bínú. A gbọ́. Ṣùgbọ́n láti oṣù Kẹta ọdún 2023 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari ti buwọ́ lu àtúnṣe tó fún àwọn ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ ní òmìnira lórí owó wọn. Ẹni tí òfin ti fún ní kọ́kọ́rọ́ àpò rẹ̀, tó ṣì ń wojú ẹlòmíràn kó tó la ẹnu, ó yẹ kí àwọn tó dìbò fún un mọ̀ ọ́n.

Ká má fi igbá kan bọ̀kan nínú, àwa ará ìlú náà lẹ́jọ́ tiwa. Bí aṣòfin bá dé àdúgbò, ìbéèrè wo la ń bi í? Owó iléèwé ọmọ, ìrẹsì òkú, áńkárá ìsìnkú, ta ni yóò gba ọ̀kadà, ta ni yóò gba ẹ̀rọ ìlọta. Àwọn náà ti mọ ibi tó ń dùn wá. Ètò ìrónilágbára ti wá di gbogbo iṣẹ́ aṣòfin: wọn a to ẹ̀rọ ìránṣọ sílẹ̀, wọn a lẹ fọ́tò Ọnọ́rébù mọ́ ọn lára, wọn a pe àwọn onílù àti àwọn oníròyìn (àwa náà ń lọ, a kò ní purọ́). Owó ìlú ni wọ́n fi rà á. Iṣẹ́ tí a rán aṣòfin ni kó ṣòfin, kó ṣọ́ owó, kó sì bi àwọn aláṣẹ léèrè ọ̀rọ̀. Ní ọdún 2014, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí 200 mílíọ̀nù dọ́là fún ètò dídènà omíyalé n'Ìbàdàn, lẹ́yìn àgbàrá oṣù Kẹjọ ọdún 2011 tó pa èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún. Gbèsè ni owó yẹn, kì í ṣe ẹ̀bùn. Mélòó nínú àwọn tó ti ṣojú wa láti ìgbà náà ló kó ará ìlú jọ láti ṣàlàyé odò tí wọ́n là, afárá tí wọ́n ṣe àti èyí tó kù? Kò sẹ́ni tó ń béèrè, torí ojú gbogbo wa wà lára ẹ̀rọ ìlọta.

Ti pé wọn kì í dáni lóhùn ńkọ́? Ẹgbẹ́ lándílọ́ọ̀dù tó wà ní àwọn àdúgbò bí Apẹ́tẹ́, Olódó àti Ológunẹ́rù mọ ohun tí à ń wí. Lẹ́tà lọ, èsì kò bọ̀. Fóònù dún títí, ọmọọṣẹ́ ló gbé e, ó ní "ọ̀gá wà ní ìpàdé". Nígbà tí ìbò bá kù díẹ̀, ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló ń pè. Àwọn àgbà ní ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a óò jẹ́ ẹ fún. Aṣòfin tiwa mọ òwe yìí dáadáa. Ó kàn jẹ́ pé lójú tirẹ̀, ẹni tó fún un ní tíkẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́ òṣèlú ló rán an níṣẹ́.

Àwọn kan yóò ní ká pè wọ́n padà sílé. Ìwé òfin gbà á, ní abala 69 fún àwọn ti Àbújá àti abala 110 fún àwọn ti Agodi. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ ju ìdajì gbogbo ẹni tó forúkọ sílẹ̀ láti dìbò ní ẹkùn náà tí yóò buwọ́ lu ìwé, INEC yóò yẹ ìbuwọ́lù náà wò, ìdìbò mìíràn yóò tún tẹ̀ lé e. Ní ìpínlẹ̀ Kogi, nígbà tí wọ́n fẹ́ pe Sẹ́nétọ̀ Dino Melaye padà ní ọdún 2018, àwọn 18,742 péré ni INEC rí pé ìbuwọ́lù wọn pé, ìdá 5.34 nínú ọgọ́rùn-ún. Ti Sẹ́nétọ̀ Natasha Akpoti-Uduaghan ní ọdún 2025 dé ìdá 43.86, kò sì tó. A kò tilẹ̀ bínú pé ó le tó bẹ́ẹ̀, nítorí kì í ṣe ará ìlú ló máa ń wà lẹ́yìn irú ìwé bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. Alágbára tí aṣòfin ṣẹ̀ náà lè san owó ìbuwọ́lù.

Ọ̀nà tó rọrùn jùyẹn lọ wà, a kì í kàn lò ó ni. Abala 104 ní ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ kò gbọdọ̀ jókòó dín ní ọjọ́ 181 lọ́dún. Abala 109 ní aṣòfin tó bá pa ìjókòó jẹ ju ìdá mẹ́ta ọjọ́ náà lọ láìní ìdí tó gún régé, àga rẹ̀ ti bọ́. Ìyẹn ni pé bí ilé bá jókòó fún ọjọ́ 181, ẹni tó bá pa á jẹ kọjá ọgọ́ta ọjọ́ kò yẹ kó tún máa gbowó oṣù. Ibo ni ìwé tí wọ́n ń fi mọ ẹni tó wá wà? Ọ̀dọ̀ akọ̀wé ilé. Òfin òmìnira ìròyìn ti ọdún 2011 sì sọ pé ará ìlú tó bá kọ̀wé béèrè irú nǹkan bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ rí èsì láàárín ọjọ́ méje, kò sì pọn dandan kó ṣàlàyé ohun tó fẹ́ fi ṣe. Tẹ́lẹ̀, àwọn ìpínlẹ̀ kan a máa ní òfin àpapọ̀ ni, kò kan àwọn. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti pa ẹnu ìyẹn dé ní oṣù Kẹrin ọdún 2025: ó kàn wọ́n.

Nítorí náà, ìwé ìròyìn yìí yóò kọ̀wé sí akọ̀wé ilé l'Agodi pé ká rí ìwé ìjókòó ọdún tó kọjá àti àkọsílẹ̀ gbogbo ìbò tí wọ́n dì lórí ìṣúná. Àwọn tó ń ṣojú ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, méjìlélọ́gbọ̀n l'Agodi, mẹ́rìnlá nílé aṣojú-ṣòfin, sẹ́nétọ̀ mẹ́ta, mọ́kàndínláàádọ́ta ni gbogbo wọn. A ó fi ìbéèrè mẹ́ta kan náà ránṣẹ́ sí ẹnì kọ̀ọ̀kan: ọjọ́ mélòó lẹ wá sí ìjókòó, báwo lẹ ṣe dìbò lórí ìṣúná àti gbèsè, níbo ni ọ́fíìsì yín wà ní ẹkùn yín, ọjọ́ wo ló sì máa ń ṣí? Kí ìpolongo ọdún 2027 tó gbóná, a ó tẹ èsì wọn síta bí wọ́n bá ṣe kọ ọ́, láìyọ ọ̀rọ̀ kan kúrò. Àwọn tí kò bá dáhùn, a ó kọ orúkọ wọn àti ẹkùn wọn, a ó sì fi àyè èsì wọn sílẹ̀ lófo.