Rọpárọsẹ̀ àti àpò tí wọ́n ń pè ní stem cell

Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ṣàṣà ni agbo ilé tí rọpárọsẹ̀ (stroke) ti dá ẹnì kan dùbúlẹ̀ tí alábẹ̀wò kan kò ní mú àpò lẹ́búlẹ́bú wá, tí yóò sọ pé stem cell ni, pé bí aláìsàn bá ń pò ó mu láràárọ̀, ọwọ́ tó ti rọ yóò tún gbé nǹkan. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Stem cell fúnra rẹ̀ kì í ṣe àròsọ. Sẹ́ẹ̀lì (ẹyọ tín-ín-tín tó para pọ̀ di ara wa) tó lè pín, tó sì lè di oríṣi sẹ́ẹ̀lì mìíràn ni, irú èyí tó ń bẹ nínú mùdùnmúdùn egungun, tó ń pèsè ẹ̀jẹ̀. Ó wúlò fún àrùn ẹ̀jẹ̀: ní ọdún 2011, ilé ìwòsàn Yunifásítì ìlú Benin fi mùdùnmúdùn egungun tọ́jú ọmọ kan tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Àmọ́ sẹ́ẹ̀lì tó wà láàyè ni wọ́n lò. Bí wọ́n bá fẹ́ fi irú rẹ̀ pamọ́ pẹ́, inú nitrogen olómi ni, níbi tí òtútù ti wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 196 nísàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius. Èyí tó ti gbẹ nínú àpò, tí oòrùn àdúgbò Tákìé ti ń pa láti àárọ̀, kò lè ní ẹ̀mí nínú. Ẹ tún ka ẹ̀yìn àpò náà, ẹ ó rí i pé ara èso bí àjàrà tàbí ápù ni wọ́n sábà máa ń sọ pé àwọn ti mú un. Ikùn yóò dà á bí ó ti ń da ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀.

Ti sẹ́ẹ̀lì èèyàn gidi ń kọ́? Ní ọdún 2016, àwọn dókítà Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà ròyìn pé àwọn fi í sínú ọpọlọ aláìsàn 18, ara àwọn kan sì yá sí i. Nígbà tí wọ́n wá dán an wò lára aláìsàn 163, tí wọ́n fi àwọn tó gbà á wé àwọn tí wọ́n kàn gbẹ́ agbárí wọn díẹ̀ láìfi sẹ́ẹ̀lì sí i, èsì tó jáde ní 2019 kò fi ìyàtọ̀ tí wọ́n ń wá hàn. Ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan tó wá irú ìtọ́jú yìí dé Ṣáínà, Ajẹntínà àti Mẹ́síkò, kókó ló hù sí i nínú ọ̀pá ẹ̀yìn, sẹ́ẹ̀lì ẹlòmíràn ló sì kún inú rẹ̀.

Kí ló dé tí àwọn èèyàn fi ń jẹ́rìí sí àpò yìí? Wọn kò purọ́. Ohun tí wọ́n rí ni wọ́n ń sọ. Láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ni ara aláìsàn rọpárọsẹ̀ máa ń yá jù, nítorí pé apá ibi tí kò kú nínú ọpọlọ ń kọ́ láti gba iṣẹ́ èyí tó kú ṣe. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ sí í mu lẹ́búlẹ́bú ní ọ̀sẹ̀ kẹta, tí ìka rẹ̀ sì mì ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, àpò ni yóò yìn. Ẹni tó ń ṣe físíò fún un, tó ń na apá náà títí òógùn fi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sẹ́ni tó rántí rẹ̀. (Èyí máa ń dùn mí ju owó tó ṣòfò lọ.)

Èyí tó léwu jù ni kí alábẹ̀wò ní kí wọ́n pa oògùn ilé ìwòsàn tì. Ìwádìí tí wọ́n darí láti Yunifásítì Ìbàdàn, tó sì kan Nàìjíríà àti Ghana, fi hàn ní 2018 pé ẹ̀jẹ̀ ríru ló ga jù nínú ohun tó ń fa rọpárọsẹ̀ níhìn-ín. Ẹ̀jẹ̀ ríru náà kò bá rọpárọsẹ̀ àkọ́kọ́ lọ. Bí aláìsàn bá dá oògùn rẹ̀ dúró, ìkejì lè dé kí àpò náà tó tán.